Ẹ̀yìn Ọ̀gágun

3.

…má sì tíì mú abẹ o. Ká a sí méjì ná, kí orí pàdé orí, kí ẹsẹ̀ pàdé ẹsẹ̀. Iwájú á kọjú síta níhìn-ín, ẹ̀yìn á kọjú síta lọ́hùn-ún. Gọ́ọ̀mù ni kó wà láàárín wọn, má fi pọ̀ jù. Gbé ìwé tó wúwo lé e lórí títí á fi gbẹ. Ìgbà yẹn ni kó o wá gé e. Fi máákà dúdú pa etí rẹ̀ kí funfun bébà má baà yọjú. Ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ páálí. Ó ti dìde nìyẹn. Gbé e sórí tábìlì kó lọ jagun.

[Ìlànà yìí wà nísàlẹ̀ gbogbo bébà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ń tà. Ẹ̀gbọ́n ló kọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Lábẹ́ ìyẹn, ní lẹ́tà tí èèrà lè rù délé: *àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ya ẹ̀yìn.*]


4.

(Ìkíní àti ìkejì ti bá abẹ lọ. Ẹ máa bá mi bọ̀.)

Bàbá kan náà ló bí wọn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ya ọmọ-ogun kéékèèké sórí bébà, fún àwọn àgbàlagbà tó máa ń ṣeré ogun lórí tábìlì, tí wọ́n á da dáìsì, tí wọ́n á sì máa jiyàn bí ọmọdé. Ìka àárín ga ju ọmọ-ogun kan lọ.

Ẹ̀gbọ́n ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ojú ló ń yà. Ó lè jókòó ti ojú kan láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kúrò lójú fèrèsé, kó máa fi bírọ́ọ̀ṣì tí kò ju irun ìpéǹpéjú lọ to ìbínú sójú ọkùnrin tí gbogbo orí rẹ̀ ò tó èékánná. "Ojú lọ̀rọ̀ wà." Bó ṣe máa ń wí nìyẹn, á sì fẹ́ atẹ́gùn sí ọ̀dà náà kó gbẹ.

Ẹ̀yìn ńkọ́? Òjìji dúdú ló máa ń fi síbẹ̀. Lọ́dún tí ojú ń dùn ún, tí dókítà ní kó sinmi, ló pe àbúrò rẹ̀: "Bá mi fi nǹkan kún ẹ̀yìn wọn. Ohunkóhun ni."

Àbúrò béèrè irú nǹkan wo.


5.

"Ohunkóhun, mo ní. Ta ló ń wo ẹ̀yìn?"


6.

OHUN TÍ ÀBÚRÒ YÀ SẸ́YÌN WỌN

Ọ̀gágun: níwájú, ojú tó le débi pé ó lè dá ẹkún ọmọdé dúró. Lẹ́yìn, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti jáde nínú ṣòkòtò, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ níbì kan, òwú tí wọ́n fi rán an ò bá aṣọ mu.

Ayaba: bọ́tìnnì méjì tí kò rẹ́ni bá a dè.

Tafàtafà: ọwọ́ kan wà lẹ́yìn, búrẹ́dì tó ti bù jẹ wà lọ́wọ́ náà.

Ẹranko abàmì tó ń pa gbogbo wọn jẹ: ẹ̀gún kan há sí i lẹ́yìn, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè dé.


7.

[Ohùn tí wọ́n gbà sórí fóònù nínú yàrá eré. Ẹni tó ni yàrá náà ni wọ́n ń pè ní Adájọ́, torí òun ló ń parí ìjà. Òun ló pe Ẹ̀gbọ́n wá wòran, òun náà ló gba ohùn yìí, ó ní kó fi ṣèrántí. Àwọn méjì tó ń ṣeré: nọ́ọ̀sì kan, awakọ̀ kan.]

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ má fọwọ́ kan Ọ̀gágun mi o. Ẹ wo bí ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ṣe jáde. Kò níyàwó, ó dá mi lójú.

AWAKỌ̀: Ó níyàwó. Ta ló wá bá a lẹ aṣọ yẹn?

NỌ́Ọ̀SÌ: Òun fúnra ẹ̀ ni. Ẹ ò rí i bí òwú yẹn ṣe rí wúruwùru? Ọkùnrin ló rán an.

Ẹ̀GBỌ́N: Ojú ẹ̀ ńkọ́?

NỌ́Ọ̀SÌ: Ojú ta ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Ojú Ọ̀gágun.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọ̀gá. Ọ̀tá ló kọjú sí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin, ẹ̀yìn ẹ̀ lèmi ń rí.

AWAKỌ̀: Èmi tí mo jẹ́ ọ̀tá ni mò ń rí ojú ẹ̀. Ìgbà tó bá sì fi máa sún mọ́ mi débi tí mo ti lè rí i dáadáa, mo ti kú nìyẹn.

[Ẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó délé tó gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀, ó pa fóònù náà.]


8.

Owú ni. Ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ tó ń jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ò pè é bẹ́ẹ̀ o. Ó ní inú ló ń run òun, ó mu omi gbígbóná. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ẹ̀gbọ́n lẹ́ran láyà, ó tún ní lọ́rùn. Ohun tó ń jẹ ẹ́ wà lábẹ́ ẹran náà.

Ó to àwọn ọmọ-ogun sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ ojú gbogbo wọn sọ́dọ̀ ara rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ń wò ó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e pé òun nìkan ló máa ń tò wọ́n báyìí. Ẹni tó bá ti ń rí ojú wọn, ọ̀tá ni.

Ojú Ọ̀gágun yẹn, ó níbi tó ti mú un wá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Èyí tó dùn ún jù ni pé iṣẹ́ náà ò tiẹ̀ ni Àbúrò lára. Á gbé omi kaná, á jókòó, á máa kọrin lábẹ́ imú. Kí omi tó hó, ó ti ya ẹ̀yìn kan tán. Tó bá yà á tán, kì í wò ó lẹ́ẹ̀kejì.


9.

[Iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù Ẹ̀gbọ́n.]

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe eré orí tábìlì ni wá. A ti rí àwọn ọmọ-ogun yín, wọ́n wù wá púpọ̀. Ẹni tó ń ya ẹ̀yìn wọn la ń wá. A fẹ́ kó wá bá wa ya gbogbo eré tuntun wa, iwájú àti ẹ̀yìn. Nọ́ńbà yìí nìkan la rí lórí bébà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jíṣẹ́ fún un. A ó máa retí rẹ̀ títí ìparí oṣù. Bí a kò bá gbọ́ nǹkan kan, a ó gbà pé kò fẹ́.


9, apá tó kù.

Iwájú àti ẹ̀yìn.

Iwájú.


10.

ÀBÚRÒ: Bọ̀dá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti fi ẹ̀yìn àwọn tuntun ránṣẹ́. Ẹ bá mi wò ó kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́

Ẹ̀GBỌ́N: Mo rí i

ÀBÚRÒ: Ó dáa?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa

ÀBÚRÒ: Kò sí ìròyìn kankan?

Ẹ̀GBỌ́N *ń kọ̀wé…*

Ẹ̀GBỌ́N *ń kọ̀wé…*

Ẹ̀GBỌ́N: Kò sí


11.

Ohun kan wà tí gbogbo ẹni tó ń ṣe bébà yìí mọ̀. Bí ọmọ-ogun bá na ọ̀kọ̀ sápá ọ̀tún rẹ níwájú, apá òsì rẹ ló gbọ́dọ̀ wà tó o bá ń ya ẹ̀yìn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà tó o bá ká a, ọ̀kọ̀ iwájú á bá bébà funfun pàdé lẹ́yìn, ẹ̀yìn náà á sì yọ síta níbi tí iwájú ò sí. Ọ̀gágun tuntun yìí, ojú kan náà àti ẹ̀yìn kan náà, wá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí ó ń yọjú wo ọ̀tá lẹ́gbẹ̀ẹ́ apata rẹ̀. Ti irú ẹ̀ ò gba àṣìṣe rárá.

Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló da ẹ̀yìn wọn yí. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Ẹ̀gbọ́n ò rí i. Ojú ń dùn ún.


11.

Ẹ̀gbọ́n tẹ bọ́tìnnì kan. Ẹ̀yìn gbogbo wọn yí sódì. Ó wò ó dáadáa, ojú ò dùn ún rárá. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé àwọn eléré á ké, wọ́n á ní ẹ̀yìn ló ba iṣẹ́ jẹ́, wọ́n á ní kó padà sí òjìji dúdú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yẹn náà á gbọ́. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, ó fi ránṣẹ́ sí yàrá eré.


11.

Èwo lẹ gbà? Èmi tí mò ń kó o jọ, ti àkọ́kọ́ ni mo kọ́kọ́ gbà. Mo fẹ́ràn Ẹ̀gbọ́n.


12.

[Ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá eré.]

ÌKÉDE
Ẹ̀YIN ELÉRÉ, BÉBÀ TUNTUN TI DÉ.
Ẹ̀YÌN Ò BÁ IWÁJÚ MU.
ẸJỌ́ ADÁJỌ́ KỌ́ O.
Ẹ MÁ GÉ E TÍTÍ WỌN Á FI TẸ ÒMÍRÀN.

[Ẹlòmíì ti fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀:] a ti gé e


13.

[Ohùn Adájọ́, pẹ̀lú fọ́tò kan.]

"Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má wulẹ̀ ṣèyọnu láti tẹ òmíràn mọ́, wọ́n ti dọ́gbọ́n sí i. Ẹ̀yìn ni wọ́n tẹ̀ lé tí wọ́n fi gé e. Ó mú lára iwájú díẹ̀, àmọ́ kò ṣe nǹkan."

Fọ́tò: Ọ̀gágun dúró lórí tábìlì. Ẹ̀yìn rẹ̀ pé. Ṣẹ́ẹ̀tì pé, ibi tí wọ́n lẹ̀ pé, fọ́nrán òwú kan ò já. Wọ́n gbé dígí kékeré kan síwájú rẹ̀ kí Ẹ̀gbọ́n lè rí apá kejì. Kò sí ọ̀kọ̀. Kò sí ọwọ́ tó di ọ̀kọ̀ mú. Ojú kan ti bá abẹ lọ, pẹ̀lú ìdajì ẹnu.


14.

Díẹ̀.


15.

[Ẹnikẹ́ni ò gba èyí sílẹ̀. Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe rántí ẹ̀ ni. Nínú yàrá iṣẹ́, ọ̀sán, fèrèsé ṣí sílẹ̀.]

ÀBÚRÒ: Bọ̀dá, mo wo èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí yín. Ó bára mu.

Ẹ̀GBỌ́N: Kọ̀ǹpútà ni.

ÀBÚRÒ: Kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé màá wá purọ́ fún ẹ ni?

ÀBÚRÒ: Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.

[Ó ń ṣa àjẹkù bébà nílẹ̀. Kò wo òkè.]

ÀBÚRÒ: Ojú Ọ̀gágun ló dùn mí. Ojú Bàbá tí wọ́n gé dànù yẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: O mọ̀ ọ́n?

ÀBÚRÒ: Ṣé ó ṣeé ṣì mọ̀ ni? Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti yà á ni. Kí lẹ rò pé mò ń wò tí mo fi ń ya ẹ̀yìn ẹ̀? Ẹ̀yìn Bàbá ni. Ṣẹ́ẹ̀tì wọn kì í dúró nínú ṣòkòtò. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n lẹ̀ ẹ́, wọ́n fi òwú dúdú rán aṣọ búlúù.

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò mọ̀ pé wọ́n lẹ aṣọ kankan.

ÀBÚRÒ: Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ni wọ́n máa ń kọjú sí. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni wọ́n ń wò. Tá a bá jáde, ẹ̀yin méjèèjì ẹ máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín, èmi á máa sáré tẹ̀ lé yín. Ẹ̀yìn yẹn ni mo fi mọ Bàbá. Mo jowú yín nígbà yẹn, ká má purọ́. Ó pẹ́ kó tó tán.

[Ẹ̀gbọ́n gbé bírọ́ọ̀ṣì kan, ó tún gbé e sílẹ̀.]

ÀBÚRÒ: Ó ti tán.

Ẹ̀GBỌ́N: Báwo ló ṣe tán?

[Èyí ni Ẹ̀gbọ́n ò rántí èsì rẹ̀. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé kò béèrè.]


16.

Àbúrò ti lọ. Bébà kan wà lórí tábìlì tí kò sí níbẹ̀ láàárọ̀. Ọmọ-ogun tuntun ni, àbí kì í ṣe ọmọ-ogun: kò ní ọ̀kọ̀. Ẹ̀yìn nìkan ló yà. Ọkùnrin kan tẹ̀ ba tábìlì. Kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣẹ́ sínú lápá kan. Irun ti ń pá lágbedeméjì orí rẹ̀, ó rí roboto bí ìdérí ìgò. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin náà, òun gan-an ló wà lọ́rùn Ẹ̀gbọ́n báyìí.

Ó fọwọ́ kan kọ́là. Ó ṣẹ́ sínú. Ó fọwọ́ kan àárín orí.

Apá iwájú, ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ló wà. Àbúrò ti yí i bó ṣe yẹ kó yí, ọ̀tún sí òsì. Bí wọ́n bá ká a, á bára mu rẹ́gí.

Nísàlẹ̀, lọ́wọ́ Àbúrò: *Bọ̀dá mi, ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Ẹ bá mi ya iwájú ẹ̀.*


17.

Ẹ̀YÌN: *ọkùnrin kan, ó tẹ̀ ba iṣẹ́*

IWÁJÚ: (            )


18.

Ọ̀la ni oṣù ń parí.

Ẹ̀gbọ́n gbẹ́ pẹ́ńsùlù rẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi mú. Òun ló ti ya ojú ayaba, ojú olè, ojú ẹni tí ọfà ṣẹ̀ṣẹ̀ bà. Ó fi ẹnu pẹ́ńsùlù lé ibi tó yẹ kí ojú wà, ó sì gbé e kúrò. Kò mọ bí ojú náà ṣe rí. Kò sí dígí nínú yàrá iṣẹ́ yẹn, kò nílò rẹ̀ rí.

Ó mú fóònù, ó gbé e sókè níwájú ara rẹ̀, kó lè fi wo ojú kó tó yà á. Fóònù náà dúdú. Ó rí nǹkan kan níbẹ̀, iwájú orí àbí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó sún mọ́ ọn. Àtàǹpàkò rẹ̀ kan gíláàsì, iná tàn, ojú náà sì pòórá. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ eré yẹn, tó ń kà ní àkàtúnkà, ló wà níbẹ̀.

*Ẹni tó ń ya ẹ̀yìn wọn la ń wá.*

Ó ṣí nọ́ńbà Àbúrò.


19.

Ẹ̀GBỌ́N *ń kọ̀wé…*