Àga Tí Wọ́n Tì Sẹ́yìn

Bàbá mi kì í pè mí láàárín iṣẹ́. Wọ́n gbà pé àkókò iṣẹ́ kì í ṣe ti ìtàkúrọ̀sọ, bí wọ́n sì ṣe tọ́ mi nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí mo rí orúkọ wọn lójú fóònù ní ọ̀sán Ọjọ́rú, mo sáré gbé e.

"Wọ́n ti ti àga ìyá rẹ sẹ́yìn." Wọn ò kí mi, wọn ò béèrè àlàáfíà.

"Ta ló tì í, Bàbá?"

"Àwọn tí o ní kí wọ́n máa ṣí ọkọ̀ mi ni. Bí o bá jáde níbi iṣẹ́, wá fojú ara rẹ rí i."

Lóòótọ́, èmi ni mo mú àwọn aṣíkọ̀ náà wá. Rédíò ni bàbá mi ń tún ṣe. Yàrá ẹ̀yìn ilé ni ṣọ́ọ̀bù wọn, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń wà láti àárọ̀, tí lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń lẹ wáyà pọ̀ ń rú èéfín níwájú wọn, tí rédíò bíi mẹ́ta ń sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ń kan ilẹ̀kùn iwájú lè kàn án títí ọwọ́ rẹ̀ á fi bó. Àwọn irinṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń rà láti ọ̀nà jíjìn, ẹnu ọ̀nà ni àwọn akẹ́rù ń gbé wọn sí, olè a sì gbé wọn níbẹ̀. Nígbà tí èyí tó ń sọnù wá ń pọ̀ ju èyí tó ń délé lọ, mo wá ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan tó máa ń gbé ẹrù sínú ọkọ̀ oníbàárà níbi tó bá páàkì sí.

Wọ́n so ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan mọ́ abẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Òun ló ń bá àwọn sẹ́ńsọ̀ inú ọkọ̀ sọ̀rọ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tíntìntín tó ń mọ̀ bí ilẹ̀kùn bá ṣí, bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, bí ènìyàn bá wà lórí àga tàbí bí àga bá sún. Bí òjíṣẹ́ bá dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, fóònù ọwọ́ rẹ̀ á tọrọ àyè. Bí sẹ́ńsọ̀ bá rí i pé ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò sí nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo á ṣí. Òjíṣẹ́ á gbé ẹrù sí i, á pa ilẹ̀kùn dé, kò sì ní lè ṣí i mọ́. Búùtù bàbá mi kún fún òkú rédíò, torí náà ilẹ̀kùn iwájú, ti ẹni tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ni a yọ̀ǹda. Òfin ilé-iṣẹ́ náà sì ni pé ẹrù kò gbọdọ̀ hàn láti ojú gíláàsì. Ilẹ̀ tó wà níwájú àga ni wọ́n ń gbé e sí.

Àga yẹn ni ti màámi.

Nígbà ayé wọn, Sátidé ni bàbá mi máa ń kó àwọn rédíò tó ti jinná lọ fún àwọn tó ni ín ní ìlú ìtòsí. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń lọ. Màámi á gbé èyí tó bá gbẹgẹ́ jù sórí itan, wọ́n á sì máa darí bàbá mi láti ẹnu géètì títí a ó fi dé.

"Ẹ rọra, kòtò ń bẹ níwájú."

"Mo rí i."

"Ẹ ò rí i. Bí ẹ bá rí i, ẹ̀ bá ti tẹ bíréèkì."

Bàbá mi sọ wọ́n ní Adarí. Èmi a jókòó sẹ́yìn Adarí, màá máa wo bí afẹ́fẹ́ fèrèsé ṣe ń gbé etí gèlè wọn. Wọ́n á tan rédíò orí itan wọn láti dán an wò. Bí a bá ṣe ń jìnnà sílé, ohùn tí a mọ̀ á máa rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á kù ṣẹ́ẹ́, ohùn mìíràn tí a ò mọ̀ á sì máa gbérí láàárín ariwo. Màámi á ní, "Ó dáa, a ti wọ ilẹ̀ onílẹ̀." N kò tíì rí ìrìn-àjò kankan láti ìgbà náà tí mo mọ ibi tí ilé ti parí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí màámi kú, bàbá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Bí wọ́n bá wọ ọkọ̀ láàárọ̀, wọ́n á wo àga náà, wọ́n á ní, "Adarí, ṣé ká máa lọ?" Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Nígbà tí mo dé ní Ọjọ́rú yẹn, bàbá mi káwọ́ sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Àga ti lọ sẹ́yìn pátápátá. Páálí sípíkà ńlá kan há sí iwájú rẹ̀.

"Bí ìyá rẹ ṣe fi í sílẹ̀ nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn ni mo ṣe fi í sílẹ̀," ni bàbá mi wí. "Mo máa ń gbá abẹ́ rẹ̀, n kì í fà á."

"Ẹ jẹ́ ká gbé páálí yìí kúrò, ká fà á padà."

"Fà á padà síbo?"

Mo ti na ọwọ́ sí irin abẹ́ àga, ni mo bá dá ọwọ́ dúró. Ojú irin tí àga ń tọ̀ ní eyín bíi ti ayùn. Èwo nínú eyín wọ̀nyẹn? N kò mọ̀. Bàbá mi náà ò mọ̀.

Mo pe ilé-iṣẹ́ náà, mo tan ohùn rẹ̀ síta kí bàbá mi lè gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbé e.

"A rí i lórí ẹ̀rọ wa, mà. Àga yẹn kúrò nípò lónìí."

"A mọ ìyẹn. Níbo ló wà tẹ́lẹ̀?"

"Sẹ́ńsọ̀ kì í sọ ibi tó wà, mà. Pé ó sún sẹ́yìn tàbí síwájú nìkan ló ń sọ." Mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ ẹ̀rọ. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti òní nìkan o. Gbogbo ìgbà tí a bá gbé ẹrù wá ló ń kúrò. Láti orí ẹrù àkọ́kọ́."

Bàbá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ṣé o mọ ohun tí o ń sọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ń lọ sẹ́yìn, ó sì ń padà síwájú. Òjíṣẹ́ kan náà ló ń gbé ẹrù wá sí òpópónà yín."

"Rán ẹni náà sí mi."

Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n sì jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ojú wọn ti yí padà. "Gbogbo àárọ̀ tí mo ń kí Adarí yẹn, àga kò sí níbi tó fi í sí mọ́."

Ní Sátidé ni òjíṣẹ́ náà dé. Obìnrin alápá líle ni, ó tó bíi àádọ́ta ọdún, ó wọ kóótù pélébé tó ń tàn yanran.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ káàsán, Àǹtí. Wọ́n ní mo ba àga jẹ́."

"O ò bà á jẹ́," ni bàbá mi wí. "O ṣí i nípò."

"Òótọ́ ni, sà. Àga yín sún mọ́ iwájú jù, ẹrù kì í wọlẹ̀. Mo máa ń tì í sẹ́yìn, kí n gbé ẹrù sílẹ̀, kí n tún fà á wá bò ó mọ́lẹ̀. Ti Ọjọ́rú ni kò gbà. Páálí yẹn tóbi bí ọmọ màlúù!"

"O máa ń fà á wá. Síbo?"

"Síbi tí mo bá a, sà."

"Báwo lo ṣe mọ ibẹ̀?"

Obìnrin náà tẹ̀ wọ inú ọkọ̀, ó fi ìka han bàbá mi lórí rọ́bà ìtẹ́lẹ̀. Ojú méjì ti jẹ níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. "Ẹ wo gìgísẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé ọmọdé ló ń jókòó síbí. Nígbà tí mo rí èyí, mo ní, hẹ̀n, àgbàlagbà ni, ó sì ń tẹ ilẹ̀ bí ẹni pé òun ló ń wa ọkọ̀."

Ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu bàbá mi láìròtẹ́lẹ̀. "Òun ló ń wà á. Èmi kàn ń yí sítíárì ni."

"Gìgísẹ̀ yẹn ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, Bàbá. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ni ẹ ń pa á mọ́ fún. Ṣùgbọ́n ojú lásán ni mo fi ń wò ó, n ò lè búra."

Bàbá mi fi ìka kan ojú gìgísẹ̀ náà. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ látọjọ́ yìí, ọwọ́ àjèjì ló ti ń bá wọn ṣọ́ ọ. Mo rò pé inú á bí wọn. Dípò ìyẹn, wọ́n yíjú sí mi.

"Ògòǹgò, wọ ẹ̀yìn."

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ta sókè lójijì bí igi ìbẹ́pẹ tí ẹsẹ̀ mi gùn ju ara yòókù lọ, ni màámi sọ mí ní Ògòǹgò, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn.

"Ìwọ lo máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀," ni bàbá mi wí. "Bí àga bá dé ibi tó máa ń wà lójú rẹ, sọ fún obìnrin yìí."

Mo wọlé. Ẹsẹ̀ mi ò gba àyè, mo ní láti jókòó ní ìbú. Obìnrin náà di irin abẹ́ àga mú, ó fà á. Àga dún kà. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, mo lè dojú kọ iwájú. Ó ń fà á lọ bẹ́ẹ̀ títí orúnkún mi fi bọ́ lára ẹ̀yìn àga.

"Ó ti tó," ni mo wí.

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó ronú. Mo mọ ẹni tí mo máa ń sọ ọ́ fún. Lójú ọ̀nà àwọn Sátidé wọ̀nyẹn, màámi kì í bojú wẹ̀yìn. Wọ́n á kàn ní, "Ẹsẹ̀ ńkọ́?" Bí mo bá ní, "Ó há," ọwọ́ wọn á lọ sí abẹ́ àga, kà! Wọ́n á tún béèrè. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, bẹ́ẹ̀ ni àga ń lọ síwájú.

Mo sọ ọ́ fún bàbá mi láti ibi tí mo jókòó sí.

"Ẹsẹ̀ rẹ?" ni wọ́n béèrè.

"Ẹsẹ̀ mi ni, Bàbá."

"Mo rò pé ó ń sún mọ́ iwájú kó lè máa rí àṣìṣe mi dáadáa ni." Wọ́n fọwọ́ lé òrùlé ọkọ̀. "Bí a bá sọ̀ kalẹ̀, á máa fọwọ́ pa orúnkún. Dáṣíbọọ̀dù ló ń gbá a. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ogbó ti dé. Ó ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti dé.' Kò sọ òmíràn."

"Mo ti kúrò nílé tipẹ́ kí wọ́n tó kú. Wọn ì bá ti tì í padà."

"Bí o bá wá ńkọ́?" ni bàbá mi wí, bí ẹni ń dáhùn fún màámi. "O lè wá ní Sátidé kan."

Sátidé tí mo wá kò pọ̀.

Obìnrin náà ṣì di irin mú. "Ṣé kí n fi í síbí, Bàbá?"

Bàbá mi wo àga, wọ́n wo èmi lẹ́yìn rẹ̀. "Jáde níbẹ̀, Ògòǹgò. Bọ́ síwájú."

"Bàbá, ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má..."

"Ṣé etí rẹ ń dùn ọ́ ni?"

Mo jókòó sí àga màámi. Orúnkún mi gbá dáṣíbọọ̀dù, ó dùn mí dé egungun. Bẹ́ẹ̀ ni màámi ṣe ń lọ dé ilẹ̀ onílẹ̀, tí wọ́n ń gbé rédíò lé orí itan.

"Tì í sẹ́yìn fún un," ni bàbá mi sọ fún obìnrin náà.

Ó tì í títí mo fi lè na ẹsẹ̀ mi gbọọrọ. Bàbá mi yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n wọlé síbi ìdarí, wọ́n pa ilẹ̀kùn.

Obìnrin náà yọ fóònù ọwọ́ rẹ̀. "Ilé-iṣẹ́ máa bi mí o, Bàbá. Wọ́n ní kí n má kúrò níbí láìjẹ́ pé àga padà sípò."

"Sọ fún wọn pé ó ti padà," ni bàbá mi wí, wọ́n sì tan ọkọ̀.