Ìwé Àbúrò Mi Tí Mo Gé sí Mẹ́ta

Ó ti pẹ́ tí àbúrò mi ti ń kọ ìwé rẹ̀ débi pé àwọn ará ilé wa ti sọ ọ́ di àwàdà. Ìwé náà dá lórí obìnrin kan tó jí lọ́jọ́ kan, tó bi ara rẹ̀ pé, "Ta ni mí gan-an?", tí kò rí èsì, tó sì fi ilé sílẹ̀ láti lọ wá a. Nígbà tó parí rẹ̀ tó gbé e wá bá mi, mo ní ṣé ìyẹn nìkan ló kún ìwé tó nípọn tó báyìí. Ó ní kí n jẹ́ kí àwọn oníbàárà mi kà á. Ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ṣùgbọ́n bí àwọn obìnrin tó ń ṣerun lọ́dọ̀ mi bá ní èyí kò dáa, òun yóò jáwọ́ nínú ìwé kíkọ pátápátá. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló fún mi. Bẹ́ẹ̀ àwọn mẹ́ta ló máa ń kàwé lábẹ́ ẹ̀rọ tí mo fi ń mú irun gbẹ: tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, àti nọ́ọ̀sì kan tí oorun kì í jìnnà sí. Ta ni kí n fún, ta ni kí n fi dù? Onídìrí ni mí. Bí irun bá pọ̀, ṣe ni mo máa ń pín in kí n tó dì í. Mo mú abẹ, mo gé ìwé náà sí mẹ́ta láti ẹ̀yìn tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, mo fi bébà kàlẹ́ńdà bo àwọn tí kò ní èèpo, mo sì fún kálukú ní ìdá kan. Mi ò sọ fún wọn pé mo gé e; mo rò ó lọ́kàn pé bí wọ́n bá parí, màá yí i ká fún wọn. Iṣẹ́ pọ̀, mo gbàgbé.

Lọ́jọ́ tí àbúrò mi wá gbọ́ èsì, mo ti ránṣẹ́ pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, irun Tíṣà ni mo sì ń dì lọ́wọ́. Mo ní àbúrò mi nìyí, mi ò sọ pé òun ló kọ ìwé.

"Ṣé obìnrin yẹn?" Tíṣà yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ọmọ méjì ló fi sílẹ̀ nídìí oúnjẹ àárọ̀, ó ní òun ń wá ara òun. Ta ló jí i gbé? Inú ń bí mi títí mo fi pa ìwé yẹn dé."

"Ọmọ wo?" Aránṣọ wò ó. "Mi ò rí ọmọ kankan. Inú yàrá kan ló jókòó sí, tó ń bi ògiri ní ìbéèrè. Àárín ọ̀rọ̀ gan-an ni ìwé yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní bóyá bí àwọn olóye ṣe ń kọ̀wé nìyẹn, mo fara dà á."

"Kí lẹ̀ ń sọ?" ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ṣebí ó padà sílé, ó kúnlẹ̀ bẹ àwọn ọmọ rẹ̀. Mo sunkún débi pé mi ò rí oorun sùn."

Tíṣà ní oorun tó ń kun Nọ́ọ̀sì nígbà tó ń kàwé ló lá àlá yẹn. Ni ariwo bá sọ. Àbúrò mi ò gbọ́ ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ rárá, ọ̀rọ̀ àwọn méjì àkọ́kọ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ẹ ṣeun, àǹtí mi. Ó ti yé mi."

Mo ju kóòmù sílẹ̀. "Jókòó. Wọn ò tíì kà á. Èmi ni mo gé e sí mẹ́ta."

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, mo sì ní àbúrò mi tó wà níwájú wọn yìí ló kọ ọ́. Ojú ti gbogbo wa. Àbúrò mi gba àwọn ìdá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn lé itan, ó ń fọwọ́ ra ojú ibi tí mo gé. Mo ń retí kó bú mi, kò bú mi.

"Abẹ lẹ fi gé ìwé," ni Tíṣà wí, bí ẹni pé mo gé èèyàn. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Nọ́ọ̀sì. "O ní ó padà sílé?"

"Ó padà, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó lé e jáde."

Aránṣọ ní tòun ṣì sú òun, òun ò ní purọ́. Síbẹ̀ òun náà ló lọ mú abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú tó ki wá, tó rán ìwé náà pọ̀. Wọ́n wá ń jà sí ẹni tó máa kọ́kọ́ mú un lọ sílé.

"Ẹ̀yin ńkọ́, àǹtí mi?" ni àbúrò mi béèrè. "Kí lẹ rí sí i?"

Mo ní mi ò tíì kà á. Ó ní nítorí iṣẹ́ ni? Mo ní rárá, ẹ̀rù ló bà mí. Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú tí mo ti ń tọ́ ọ, kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ni mí. Mo mọ̀ pé ìwé yẹn máa bi mí, mi ò sì mọ ohun tí màá sọ. Omi ń bọ́ lójú mi níwájú oníbàárà, mi ò tiẹ̀ nù ún.

"Ẹ̀yin ni mo ń rò nígbà tí mo ń kọ ọ́," ló wí.

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ Aránṣọ, mo jókòó sórí àga oníbàárà. Tíṣà ní irun òun ò tíì parí. Mo ní kó máa fọwọ́ dì í mú. Àbúrò mi fa àga sún mọ́ mi, ó tẹjú mọ́ mi bí mo ṣe ń kà á.

"Má wo ojú mi," mo ní. "Lọ sílé. Kí n tó ka èyí tán, kí ìwé kejì tí o bẹ̀rẹ̀ ti délẹ̀."

Ó dìde, ó sì lọ kọ ọ́.