Wákàtí Mẹ́ta àti Ààbọ̀ Láti Santiago

"Ọkọ̀ òfurufú kan ò lè gbéra láyé yìí kí n má mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ máa kanlẹ̀!"

Ẹ̀gbọ́n mi Tavake ló ń wí bẹ́ẹ̀, tó ń fọwọ́ lu àyà gbì-gbì bí ẹni pé òun ló bí afẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, Ìyáàfin Eduvina ń ti Santiago ní ilẹ̀ Chile bọ̀ ní erékùṣù wa, Rapa Nui. Renato ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ fẹ́ Merahi ọmọ mi, ìyá náà sì ti là á mọ́lẹ̀: bí a bá ṣe gba òun lálejò ni òun ó fi mọ̀ bóyá òun ó gbà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkọ̀ ọjọ́ Àìkú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, a ò mọ àkókò rẹ̀. Renato kàn tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ pé aago mẹ́sàn-án Santiago ni òun àti ìyá òun máa gbéra.

"Ó tán!" Tavake ní. "Lọ́jọ́sí tí mo ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án la gbéra lọ́hùn-ún, méjìlá ààbọ̀ la balẹ̀ síbí. Wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ nìyẹn."

"Bàbá Tavake," Merahi ní, "ṣé aago wọn ò yàtọ̀ sí tiwa ni?"

"Ẹ wo ọmọ àná tó ń kọ́ mi! Wákàtí méjì ni wọ́n fi ṣíwájú wa. Mẹ́sàn-án tiwọn, méje tiwa. Fi mẹ́ta àti ààbọ̀ lé méje, ó di mẹ́wàá ààbọ̀. Ẹ hú umu, ó yá!"

A hú u. Ẹja àti ọ̀dùnkún jáde láti àárín òkúta gbígbóná nínú ilẹ̀, èéfín ń rú tùù. Ogójì èèyàn, òdòdó lọ́wọ́, oúnjẹ lórí, ó di pápákọ̀ òfurufú.

Mẹ́wàá ààbọ̀ lù. Ojú ọ̀run mọ́ fefe. Mọ́kànlá lù.

"Tavake, ọkọ̀ ẹ dà?" ìyá wa bi í.

"Afẹ́fẹ́ ló ń tì í sẹ́yìn, Ìyá."

Nígbà tó di mọ́kànlá ààbọ̀, Tavake tún ń fi ìka ka wákàtí láti ìbẹ̀rẹ̀. Omi lásán ló wà láàárín àwa àti Chile, kò síbi tí ọkọ̀ lè yà sí. Ní méjìlá, Merahi bú sẹ́kún: "Renato mi ti bómi lọ o!" Ni ogójì èèyàn bá lọgun. Ìyá wa ń sunkún, ó ń já ẹja jẹ.

"Ìyá, ẹja kẹ̀?"

"Fi mí sílẹ̀. Bí ọ̀fọ̀ bá ti ṣẹ̀ mí báyìí, ebi ló máa ń pa mí."

Tavake kúnlẹ̀: "Olúwa, gbé wọn délẹ̀, n ò ní ṣírò mọ́ láé!"

Gbùùùù! Bí méjìlá ààbọ̀ ṣe ń lù, ọkọ̀ yọ lójú ọ̀run.

Ìyáàfin Eduvina ò tíì délẹ̀ tán tá a fi bò ó. Omijé, ikun imú, òdòdó, gbogbo rẹ̀ lára ẹ̀wù funfun. "Ẹ wà láàyè! Ẹ wà láàyè!" Obìnrin tó le bí òkúta yìí wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi," ó ní, "ẹnì kan ò sunkún nítorí mi rí." Ó fa Merahi mọ́ra. "Ìyàwó ọmọ mi nìyí. Ẹ dá ọjọ́!"

Ijó bẹ́. A gbé Tavake léjìká. "Ẹ rí i?" ó ń pariwo. "Ọkọ̀ tó pẹ́ ní wákàtí méjì, àdúrà mi ló fà á wálẹ̀!"

Obìnrin tó ń ti ẹrù àwọn èrò kọjá lọ.

"Kò pẹ́ o," ó ní. "Wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ ni láti Santiago débí."