Ẹsẹ̀ Tuntun fún Ìyálé

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dúdú kan báyìí ló gbé Wòsílátù wá sílé Àlàmú aránṣọ ní Sabon Zongo, ní Accra, lọ́jọ́ tó ṣègbéyàwó. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ó sì bá ọkọ̀ náà nílé. Bó ṣe fún àwọn ọmọ ọkọ lórúkọ tó wù ú, ó fún ọkọ̀ náà ní tirẹ̀, ó pè é ní Ìyálé. Láràárọ̀, bó bá ti kí àwọn àgbà ilé tán, á tún lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ní, "Ìyálé mi, ṣé dáadáa lẹ jí?" Àlàmú á sì máa rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Kùdírátù, ọmọ tí wọ́n bí, kò mọ ìyá náà dáadáa, nítorí ọmọdé ni nígbà tó kú. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló mọ̀: pé lórí àìsàn, ìyá rẹ̀ di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó ní, "Ìyálé ló mú mi wọlé yìí. Ọjọ́ tí ọmọ mi bá ń lọ ilé ọkọ, kí Ìyálé náà mú un jáde." Àlàmú ní òun gbọ́, òun yóò ṣe é.

Ìdí nìyẹn tí kò fi ta ọkọ̀ náà. Ọdún tí wọ́n sọ àsíá òyìnbó kalẹ̀, tí ilẹ̀ náà di Gánà, kò sí ẹni tí kò wá nǹkan tuntun ní Accra. Àwọn ọkọ̀ tuntun rọ̀bọ̀tọ̀ bí ìjàpá, wọ́n ń dán, wọ́n ń sáré kọjá. Ìyálé ní tirẹ̀ dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ tinrin bí ti lékeléke.

Nígbà tí ìgbéyàwó Kùdírátù ku oṣù kan, Àlàmú pe fítà kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe, ọmọ Gã tó ti bá àwọn Yorùbá gbé títí tó fi gbọ́ èdè wọn. Fítà fọwọ́ kan ìhín, ó fọwọ́ kan ọ̀hún, Ìyálé húkọ́ bí àgbàlagbà, ó jí. Lẹ́yìn náà ló tẹ àtàǹpàkò mọ́ táyà, rọ́bà náà sì ya. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti là bí gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́. Oòrùn ti jẹ nọ́ńbà ìwọ̀n tó wà lára wọn tán.

"Bàbá, ọkàn rẹ̀ le koko," ni fítà wí. "Ẹsẹ̀ ni kò ní mọ́."

Bàbá àtọmọ gbọ̀nà Okaishie lọ. Lẹ́yìn ọjà níbẹ̀ ni Mùnírù, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń ta táyà. Ó gbé ti lọ́rì jáde, ó nípọn bí ọrùn màlúù. Ó gbé ti ọkọ̀ òde òní jáde, ó kéré, ó sanra. Àlàmú kàn ń mi orí.

"Tinrin, tó sì ga? Bàbá mi, irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti bá àwọn òyìnbó tó ń lò ó lọ sílé," ni Mùnírù wí. "Ẹ jẹ́ ká yọ irin ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù, ká fi irin ìgbàlódé sí i. Táyà tó bá ìyẹn mu kún ọjà."

"Kí n wá wọ bàtà ọmọdé fún àgbàlagbà?"

"Àgbàlagbà tí kò rí bàtà ńkọ́? Ṣé ilé ni yóò jókòó sí?"

Àlàmú fi ìka méjì di etí táyà kékeré náà mú bí ẹni ń wo aṣọ tó fẹ́ rà. Kùdírátù ń wo ojú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń sọ pé kó gbà, kó gbà kó lè sinmi.

"Bí Wòsílátù bá rí i," ni bàbá rẹ̀ wí nígbẹ̀yìn, "kò ní mọ̀ ọ́n mọ́."

Mùnírù fi aṣọ nu ọwọ́, ó sì rọ̀. "Ó dáa. Ẹnì kan wà ní Takoradi tó ń kó táyà àtijọ́ pamọ́. Ẹ lọ wọn irin náà, ẹ sọ iye rẹ̀ fún mi. Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa o. Bó bá ti dé, kò sí àyè láti pààrọ̀ rẹ̀ kó tó dọjọ́ ìyàwó."

Ní ọjọ́ kejì, fítà tú ẹsẹ̀ kan. Àlàmú na téèpù kọjá lórí irin, Kùdírátù di orí kejì mú. Bí wọ́n ṣe máa ń wọn ara oníbàárà náà nìyẹn láti ìgbà tó ti gbọ́njú: bàbá á pe iye tó rí, ọmọ á fi íǹṣì kan kún un, á sì sọ iye tí wọn yóò gé. Àlàmú ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Á ní, "Ara kì í dúró sójú kan. Aṣọ gbọ́dọ̀ mí."

"Mọ́kàndínlógún," ni Àlàmú pè.

"Ogún," ni Kùdírátù dáhùn.

Kò sí èyí tó fura nínú àwọn méjèèjì. Ogún ni Kùdírátù lọ sọ fún Mùnírù.

Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó gan-an ni táyà dé. Ó tinrin, ó ga, ó dúdú kirikiri, òórùn rọ́bà sì gba gbogbo àgbàlá. Àlàmú ń yí wọn wò bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti ìrìnàjò dé. Fítà gbé ọ̀kan sára irin. Táyà náà dirọ̀ síbẹ̀ bí agbádá bàbá lọ́rùn ọmọ.

"Ta ló wọ̀n ọ́n?" ni fítà béèrè.

Kùdírátù ló kọ́kọ́ mọ̀. Orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. "Bàbá, èmi ni. Mo fi íǹṣì kan kún un."

Àlàmú wò ó. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín pa á. "Kí ó lè mí," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Dìde. Èmi ni mo kọ́ ọ." Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín náà tán, omi ojú kò tán. Ó jókòó sórí táyà ńlá náà, èjìká rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká gba takisí, Bàbá. Ìyá mi á dárí jì wá."

"Mo ti sọ fún un pé màá ṣe é," ni Àlàmú wí.

Kùdírátù wọ inú ṣọ́ọ̀bù kó má baà máa wo èjìká náà. Ó jókòó sórí tìmùtìmù ìdí ẹ̀rọ, èyí tí òun fúnra rẹ̀ rán. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àwọn àpò ègé aṣọ wà. Àlàmú kì í da ègé aṣọ ìyàwó nù. Láti ọjọ́ tó ti dé Accra ló ti ń kó wọn pamọ́. Ọmọbìnrin náà wo àpò, ó wo tìmùtìmù, ó sì sáré jáde.

"Bàbá, kí la fi ń kún tìmùtìmù?"

Àlàmú gbójú sókè. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e. Nígbà tó yé e, ó ní kó lọ gbé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò wá.

Wọ́n fi tapólì tẹ́ inú àwọn táyà Ìyálé tó ti là, wọ́n ń ki ègé aṣọ sínú wọn dípò afẹ́fẹ́, wọ́n ń gún un le, Àlàmú sì ń rán ibi tó là pọ̀. Àpò kan tán, wọ́n tú òmíràn. Ní ìsàlẹ̀ àpò ìkẹyìn, ọwọ́ Kùdírátù kan ègé àrán pupa kan. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé aṣọ ìyá rẹ̀ ni. Bí bàbá rẹ̀ ṣe gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ló sọ fún un. Ó rò pé bàbá yóò fi í pamọ́ ni. Àlàmú fi í pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀, ó sì tì í bọ inú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì.

"Apá ibi tí ìyá rẹ jókòó sí nìyẹn," ló wí.

Fítà tẹ táyà náà wò, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin Yorùbá, ẹ̀yin Aláta yìí, ẹ ti sọ mọ́tò di ìrọ̀rí. Á rìn, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́dọ̀ sáré. Bí ẹni ru omi kún ìkòkò ni kẹ́ ẹ ṣe wà á."

Lọ́jọ́ ìyàwó, Tàíbátù, ẹ̀gbọ́n Àlàmú lóbìnrin, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lérán. "Àlàmú, bàbá kì í sin ọmọ lọ ilé ọkọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi kọ́ ló ń sìn ín. Ìyálé ló ń sìn ín. Awakọ̀ Ìyálé ni mí."

Tàíbátù rẹ́rìn-ín, ó sì ṣílẹ̀kùn fún ìyàwó.

Ilé Ìbráhímù, ọkọ Kùdírátù, wà ní Lagos Town, àdúgbò mìíràn ní Accra, kò jìnnà. Ìyálé ń rọra lọ, ó ń mì lẹ́gbẹlẹ́gbẹ. Àwọn obìnrin tó ń fẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n ru ẹrù ìyàwó, bá a, wọ́n sì kọjá. "Àlàmú, ṣé o fẹ́ dá a padà sílé ni?" ni Tàíbátù ké láti iwájú. Ewúrẹ́ kan gba iwájú ọkọ̀ kọjá, kò tilẹ̀ yára.

Ohun tó ti ń ba Kùdírátù lẹ́rù lọ́kàn ni pé ìrìn náà yóò tán kí òun tó wo bàbá òun yó. Ní báyìí, ó ń wò ó.

"Lọ́jọ́ tí mo gbé ìyá rẹ, mo sáré," ni Àlàmú wí láìwẹ̀yìn. "Ayọ̀ ló ń gbé mi sáré. Ó sọ nǹkan kan ní ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn, ariwo kò jẹ́ kí n gbọ́. Mo bi í léèrè títí, ó ní òun ò ní tún un sọ."

Ọkọ̀ já sínú kòtò kékeré kan, aṣọ inú ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà á mọ́ra.

"Bàbá."

"Mò ń gbọ́."

"Ẹ ò fi mí sílẹ̀ rí débi tí màá fi mọ̀ pé mi ò ní ìyá."

Àlàmú mi orí lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ lè mọ̀ pé òun gbọ́, ó sì ń wa ọkọ̀ lọ.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé Ìbráhímù, àwọn obìnrin ilé náà gbé omi tútù jáde, wọ́n wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó bí wọ́n ṣe ń ṣe kó tó wọlé. Omi ṣẹ́kù nínú igbá. Tàíbátù gbà á lọ́wọ́ wọn. "Ẹni tó rìn náà ló yẹ kí wọ́n wẹsẹ̀ fún," ló wí, ó sì dà á sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Ìyálé lápá òsì.

Omi náà gba ojú ìránpọ̀ wọlé bá àrán. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, ó sì padà ṣàn jáde díẹ̀díẹ̀, pupa fẹ́ẹ́rẹ́, bí osùn tí wọ́n fi ń kun ẹsẹ̀ ìyàwó.