Ara Kò Yún Gàzálì

"Bàbá Nurat, ṣé ó ti ń yún yín?"

Ìdáyátù tẹ fóònù mọ́ etí. Ẹ̀yìn wáyà ibùdó ìyàsọ́tọ̀ ní Odigbo ló dúró sí. Inú lọ́hùn-ún ni Gàzálì ọkọ rẹ̀ wà, láàárín àwọn tí Kòrónà mú. Ikọ́ ló kọ́kọ́ dá a lóhùn.

"Kò yún mi o. Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ kí n máa họra bí ajá tí eégbọn bò ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé àwọn dókítà ń dán kulorokúìn wò nígbà náà, oògùn ibà àtijọ́, bóyá á lè ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń jẹ oògùn gidi, àwọn yòókù ń jẹ hóró tó jọ ọ́, tí kò ní nǹkan kan nínú. Aláìsàn kò mọ èyí tó kan òun, nọ́ọ̀sì tó ń fún un pàápàá kò mọ̀. Gàzálì gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní òun gbà. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ kulorokúìn ní Ọ̀rẹ̀ ìlú wọn? Ẹni tó bá jẹ ẹ́, òòyà ni yóò fi máa họ ẹ̀yìn!

"Ẹfun lásán ni wọ́n ń fún ọkọ rẹ jẹ," Sàádátù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń ta oògùn nínú gáréèjì, sọ fún un. "Gba kulorokúìn gidi yìí. Lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀ rẹ̀. Àbí o fẹ́ di opó ni?"

Ọ̀rọ̀ opó yẹn kò jẹ́ kó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó se ọbẹ̀ ewúro. Kò fọ ewúro náà tó, kí kíkorò lè bo kíkorò. Ó lọ hóró oògùn kúnná, ó rò ó pọ̀ mọ́ ọbẹ̀, ó wá gun ọ̀kadà. Ó di kúlà oúnjẹ mọ́ra bí ọmọ tuntun títí wọ́n fi dé Odigbo.

Nọ́ọ̀sì Evelyn gba kúlà lẹ́nu géètì.

"Ìyá Nurat, ẹ kú ìtọ́jú. Òórùn ewúro yín ń pe èmi náà o!"

"Ẹ má fẹnu kàn án o!" Ó ti sọ ọ́ kó tó mọ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹni tí ara rẹ̀ ò bá yún, kò jẹ kulorokúìn nìyẹn, àbí?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìyá tó bí mi jẹ ẹ́ títí, kò yún wọn rí. Àpọ̀jù rẹ̀ lèmi ń bẹ̀rù. Tó bá pọ̀ jù lára, ó lè dá ọkàn dúró."

Evelyn yí padà, ó ń gbé kúlà lọ. Ìdáyátù rọ̀ mọ́ géètì. Bó bá lanu báyìí, gbogbo ẹni tó tò sí géètì ni yóò gbọ́. Obìnrin tó bu nǹkan sóúnjẹ ọkọ! Kó tó padà dé Ọ̀rẹ̀, onímájèlé ni wọn yóò máa pè é.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dúró! Mo ti fi kulorokúìn sínú ọbẹ̀ yẹn!"

Ẹnìkan pòṣé. Evelyn padà wá, ó wo ojú rẹ̀ láti òkè ìbòmú, ó gbé kúlà náà lé e lọ́wọ́.

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ," ló ní.

Fóònù dún. "Ìdáyá, ebi ń pa mí. Oúnjẹ mi dà?"

"Ó korò jù. Mo máa se òmíràn wá."

"Ewúro lo sè, o wá ní ó korò?" Ikọ́ tún gbé e. Ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀.

Kò sí ẹni tó lè sọ fún Ìdáyátù irú hóró tí ọkọ rẹ̀ ń jẹ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn wáyà, ó gbé fóònù súnmọ́ ẹnu, ó dárin:

"Ẹ mí sínú, ẹ mí síta, olówó orí mi,
Ẹ mí, mo ń gbọ́. Ẹ mí, mo wà níbí."

Bó bá kọ ìlà kan, á dákẹ́, á tẹ́tí títí tí yóò fi gbọ́ èémí rẹ̀, kó tó kọ èyí tó kàn.