Omi Ọ̀fẹ́ Ọ̀gá Ọmọ́tọ́ṣọ́

"Ìyá Zikrullah, ṣé ẹ fẹ́ fọ omi yẹn kẹ́ ẹ tó gbé e relé ni? Ẹ sún fún wa jàre!"

Promise ló sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn ẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín.  Mardiyah, ìyá Zikrullah, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ojú ìsun náà, ó bu omi sínú abọ́ funfun tó mú wá, ó dà á nù, ó tún bu òmíràn. Bákan náà ni. Omi ọ̀hún pọ́n bí omi tí àgbẹ̀ fi ṣan ẹsẹ̀.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, omi yìí mọ́ gaara bíi dígí. Lẹ́sẹ̀ dáàmù kékeré tó wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan lẹ́yìn Ìgàndò ló ti kọ́kọ́ yọ, láàárín koríko, kò nípọn ju ìka lọ. Kànga àdúgbò ti gbẹ nígbà náà, nítorí náà omi àánú ni wọ́n pè é. Àwọn ìyá ìjọ gbàdúrà sí i, àwọn ará mọ́sálásí ń fi ṣe àlùwàlá. Àwọn géńdé fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹnu ẹ̀ kó lè fẹ̀, kí kẹ́ẹ̀gì lè wọ ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ ni omi ń pọ̀ sí i, bí omi sì ṣe ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń dúpẹ́.

Ohun tí kò yé Mardiyah ni pé Ọ̀gá Ọmọ́tọ́ṣọ́, alábòójútó ọgbà náà, ló ní kí wọ́n máa wọlé wá pọn omi lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkùnrin tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ! Ọkùnrin tó gbowó ìjókòó lọ́wọ́ aláboyún tí ẹsẹ̀ ń ro! Láti kékeré ni Mardiyah ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé bí ahun bá dédé ń pín àkàrà, kéèyàn kọ́kọ́ béèrè ẹni tó kú nílé ẹ̀.

Ibi tó ti ń ro èyí lọ́wọ́ ni ọ̀gá náà fúnra ẹ̀ yọ sí wọn, tòun ti fìlà ẹ̀ tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi! Ẹ máa pọn ọ́n o, omi Ọlọ́run ni."

"Ọlọ́run á bù kún yín, sà!" Promise ló dáhùn. "Kò sí irú yín ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́."

Mardiyah kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, omi yìí ti ń pọ́n."

Ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà, àmọ́ ojú ẹ̀ sáré lọ sórí dáàmù, ó tún sáré padà. "Òjò ni. Òjò ló da ilẹ̀ rú. Ìwọ kọ́ nìyàwó Gàníyù tó ń ṣọ́ géètì wa?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ọkọ ẹ ṣàlàyé fún ẹ nílé."

Mardiyah gbé garawa ẹ̀ rù, ó ń lọ. Òjò wo? Òjò kò rọ̀ lánàá, kò rọ̀ níjẹta. Kí ló sì kan ọkọ òun nínú ọ̀rọ̀ omi?

Nílé, kò da omi náà sínú àmù. Ó gbé garawa náà kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó lè tòrò. Ìyá Babárìndé, ìyá onílé wọn, jókòó sórí ẹní níbẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Àwórì ni ìyá náà, ọmọ onílẹ̀, àgbègbè yẹn ni wọ́n bí i sí kí ọ̀dà tó dé títì ibẹ̀. Nígbà tí omi tòrò, Mardiyah rọra da ti òkè nù. Yẹ̀pẹ̀ pupa ló kù nísàlẹ̀, ó kúnná bí ẹ̀lùbọ́. Ìyá na ọwọ́, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ wò.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Ìsun ẹsẹ̀ dáàmù ni, Ìyá."

"Ìsun wo? Odò tí wọ́n sé níbẹ̀ yẹn, inú ẹ̀ la ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ nígbà tí mo wà lómidan. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò sí yẹ̀pẹ̀ pupa níbẹ̀ rí."

"Ibo lèyí wá ti wá, Ìyá?"

 Ìyá nu ọwọ́ ẹ̀ sí ìró. "Nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ odi dáàmù yẹn, ọ̀nà Àgbàdo ni típà ti ń kó yẹ̀pẹ̀ pupa wá. Iwájú ilé yìí ló ń gbà, eruku ẹ̀ ba aṣọ tí mo sá jẹ́. Yẹ̀pẹ̀ odi lo gbé wálé yìí, ọmọ mi. Omi ń jẹ odi yẹn nínú, ó ń pọ̀ ọ́ síta, ẹ̀ ń fi kẹ́ẹ̀gì gbà á, ẹ̀ ń ṣe àmín."

Mardiyah gbójú sókè síhà dáàmù náà. Ilé wọn wà nísàlẹ̀ dáàmù. Gọ́tà kan ló là wọ́n láàárín. Lọ́jọ́ kejì Iléyá, gbogbo ọmọ iléekéwú àdúgbò ló fẹ́ lọ wọ ọkọ̀ onípẹ́pẹ́yẹ, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ṣe bíi pẹ́pẹ́yẹ, lórí adágún tó wà lẹ́yìn dáàmù náà. Gbogbo wọn, àfi Zikrullah. Gàníyù ló ní kó má lọ. Ó ní ó ń wúkọ́. Mardiyah sì mọ̀ pé ọmọ òun kò wúkọ́ láti ìgbà ọyẹ́.

Ó wá ń so ó pọ̀. Gàníyù ń jáde ní kùtùkùtù kí wọ́n tó pe ìrun, ó sì ń padà wálé pẹ̀lú ẹrẹ̀ létí ṣòkòtò. Obìnrin kan tó ń ta káàdì fóònù ní Akówọnjọ ni Mardiyah ti ń fura sí. Kò bi í. Ó kàn ń fọ ṣòkòtò náà, ó ń wo àwọ̀ omi ọṣẹ. Pupa ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nígbà tí Gàníyù dé lẹ́yìn ìrun àsàrì, ó bá ife omi kan lórí tábìlì.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Zikrullah. Ẹ mu omi."

Ó wo ife náà, kò fọwọ́ kàn án. "Omi wo nìyí?"

"Omi Ọlọ́run. Omi ọ̀fẹ́ ọ̀gá yín."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí."

"Kí lẹ máa ń lọ ṣe ní kùtùkùtù?"

"Iṣẹ́ ni. Kí ni wọ́n ń lọ ṣe níbi iṣẹ́?"

"Géètì kì í ní ẹrẹ̀. Mo ti rò pé alákáàdì Akówọnjọ yẹn ni."

Gàníyù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. "Alákáàdì? Kí n fi kí ni fẹ́ alákáàdì?" Ó jókòó. "Ì bá sàn kó jẹ́ obìnrin, Mardiyah."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ojú ẹ̀ wà nílẹ̀. Ara dáàmù ti ń tutù lẹ́yìn òdòdó tí wọ́n gbìn síbẹ̀, ọ̀gá ní kó máa rọ yanrìn sápò kó fi tì í lẹ́yìn. Ọ̀gá náà ló ní káwọn èèyàn máa pọn omi náà, pé ẹni tó bá ń pè é ní àánú kò ní pè é ní jíjò. Lẹ́yìn Iléyá ni wọn yóò pe àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀.

"Ẹ ò ṣe tú omi adágún sílẹ̀?"

"Kí ọkọ̀ onípẹ́pẹ́yẹ wá jókòó sórí ẹrẹ̀ lásìkò Iléyá? Ọ̀gá ní bí mo bá lanu, kí n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ máa ro oko. O mọ bó ṣe pẹ́ tó kí n tó rí iṣẹ́ yìí."

"Mo mọ̀. Nítorí dáàmù yẹn lẹ ṣe ní kí Zikrullah má lọ."

"Zikrullah ń wú..."

"Zikrullah ò wúkọ́! Hamdalah ilé kejì ńkọ́? Àwọn ọmọ Promise tó ń ṣeré lẹ́nu ìsun yẹn lójoojúmọ́ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ti mú àwọn náà ni?"

 Mardiyah fúnra ẹ̀ kò mọ̀ pé ohùn òun lè ròkè tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ó ti rọlẹ̀.

"Ó dáa. Mo ti fọ aṣọ ẹ̀. Zikrullah máa lọ. Òun ló máa kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, èmi á jókòó sórí dáàmù, n ó máa wò ó."

"Ṣé orí ẹ ti dàrú ni?"

"Ọ̀gá yín ní kò séwu. Ẹ̀yin náà ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ewu wà. Ta ni kí n wá gbàgbọ́?"

 Gàníyù dìde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa nǹkan kan tí wọ́n fi àkísà wé jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Irin tí wọ́n fi ń yí fáàfù dáàmù láti tú omi adágún sílẹ̀ ni. Ọ̀gá ní kó gbé e kúrò níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tú omi. Orí irin ọ̀hún ni Mardiyah ti ń sùn láìmọ̀.

"Ìyá ní bẹ́ ẹ bá fẹ́ tú omi náà, kẹ́ ẹ má ṣí i tán lẹ́ẹ̀kan náà o," Mardiyah wí. "Díẹ̀díẹ̀ ni."

"Ìyá náà ti mọ̀?"

"Ìyá ló là mí lójú. Ẹ máa lọ. Èmi ń lọ bá àwọn Promise."

"Wọ́n á bú ẹ o."

"Kí wọ́n bú mi."

Wọ́n sì bú u. Mardiyah tí kì í lè sọ̀rọ̀ láwùjọ dúró sẹ́nu ìsun, ó ní kí wọ́n má pọn ọ́n mọ́, kí wọ́n kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, pé dáàmù ló ń jò. Ẹnì kan ní ìlara ni. Ẹnì kan ní àbí ọkọ ẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi náà ni. Nígbà tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́, ó jókòó sójú omi náà, tòun ti ìró, kò sí kẹ́ẹ̀gì tó lè kọjá.

"Ìyá Zikrullah, mò ń bọ̀wọ̀ fún yín o," Promise wí, ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Ẹ dìde lórí omi Ọlọ́run!"

Lókè dáàmù, Gàníyù ń yí irin náà díẹ̀díẹ̀; fóònù ẹ̀ ń dún, ó ń dún, kò gbé e. Omi ti ń rọra dún nínú gọ́tà. Lórí adágún, àwọn ọkọ̀ onípẹ́pẹ́yẹ ń lọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, èyí tó wà létí bèbè fi ìdí kan ẹrẹ̀, ó ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ kalẹ̀.

Mardiyah mọ̀ ọ́n lára kó tó fojú rí i: omi tó ń ti òun lẹ́yìn kò lágbára mọ́. Ó dìde. Ìsun náà ti dà bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀, kò nípọn ju ìka lọ.

"Ẹ ti lé àánú wa lọ!" ẹnì kan kígbe.

Promise kò bá wọn kígbe. Ó wo adágún. Ó wo ìsun. Ó tún wo adágún. Ìsun ń kán tó, tó, tó bí adágún ṣe ń lọ sílẹ̀, ó sì dá. Promise yíjú sí ibi tí àwọn ọmọ ẹ̀ ti ń ṣeré, lábẹ́ odi dáàmù gan-an.

"Ẹ kúrò níbẹ̀!" ló ké, ohùn ẹ̀ ya. "Mo ní ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ máa sá bọ̀!"

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó dì wọ́n mú ṣinṣin. Lẹ́yìn náà ló fi ẹsẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì ẹ̀ ṣubú. Omi inú ẹ̀ ṣàn lọ, yẹ̀pẹ̀ pupa kù sílẹ̀ láàárín òun àti Mardiyah.