Ọṣẹ Tí Ojú Ẹlẹ́rìn-ín Wà Lára Rẹ̀

Bí ènìyàn bá wọ yàrá tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ ń sá ọṣẹ sí, ojú kan ṣoṣo ni yóò máa rẹ́rìn-ín sí i láti orí pẹpẹ dé orí pẹpẹ. Ojú ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ẹlẹ́rìn-ín, ẹni tí ó jẹ́ pé bí ó bá fi ọṣẹ ìyá náà fọ ojú lórí fóònù ní òwúrọ̀, ọ̀sán kò ní í pọ́n tí àwọn ènìyàn yóò fi máa wá ọṣẹ náà kiri. Òkìkí yìí dùn mọ́ Ìyá Ọlọ́ṣẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní kí àbúrò rẹ̀, tí ó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, gbẹ́ ojú náà sínú igi tí wọ́n fi ń tẹ ọṣẹ. Ìyá tí ó bí wọn, tí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wọn, kò tẹ nǹkan kan sára ọṣẹ rí. Ó ní ọṣẹ tí ó bá dára, ara ẹni tí ó fi wẹ̀ ni yóò polówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkìkí a máa di ènìyàn létí.

Àfi bí Ẹlẹ́rìn-ín ṣe gbé korobá omi ìdọ̀tí, tí ó dà á sórí obìnrin arúgbó kan tí ó ń nu ilẹ̀ ní ilé ìtura, kí àwọn tí ń wò ó lórí fóònù lè rí nǹkan fi ṣẹ̀fẹ̀. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí ariwo fi gba ìgboro: wọ́n ní ẹni tí ó bá fi ọṣẹ Ẹlẹ́rìn-ín wẹ̀, ìwà ìkà ni ó fi ń para. Bẹ́ẹ̀, gbogbo epo tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní ti wọ inú ọṣẹ tí ó wà lórí pẹpẹ. Bí wọn kò bá tà, iná kò ní í jó nídìí ìkòkò rẹ̀ mọ́.

Onídìrí òdìkejì títì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ni ó kọ́kọ́ ru ọṣẹ padà wá.

“Ọ̀rẹ́ mi, má bínú. Oníbàárà mi rí ojú yẹn létí bàsíà, ló bá gbé orí tó ṣì ń kán omi dìde, ó ní òun ń lọ. Ṣé kí n dè é mọ́lẹ̀ ni?”

“Ṣé ọṣẹ náà yí padà ni?”

“Ọṣẹ ò yí padà. Ojú rẹ̀ ni mi ò fẹ́ kó máa wò mí mọ́.”

Nígbà tí ó lọ tán, gbẹ́nàgbẹ́nà fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká wé e ní bébà, ká fún un lórúkọ mìíràn, ká lọ tà á níbi tí wọn ò ti mọ̀ wá. A ó ní a ò mọ ọmọ náà rí.”

“A ò mọ̀ ọ́n rí? Ìwọ tí o gbẹ́ kòtò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀?”

“Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá má gbẹ́ ẹ kó jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.”

“Mi ò ní í gbé ọṣẹ ìyá wa sá kiri bí ẹni tó jalè. Mi ò da omi sí ẹnikẹ́ni lórí. Ojú rẹ̀ ni mo yàn tí mi ò wádìí ìwà rẹ̀. N ó sì tún un ṣe níbi tí gbogbo ayé ti lè rí mi.”

Ó gbé ọṣẹ síta ní àtẹ àtẹ, ó jókòó sórí àpótí létí títì, ó mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gé ọṣẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá ojú náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Imú lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, ẹ̀rín lọ. Èyí tí ó fá bọ́ sínú bàsíà, kí ó lè tún un sè. Láìpẹ́, èrò pé lé e lórí, wọ́n na fóònù sí i.

“Màmá, ṣé ẹ ń pa ẹ̀rí rẹ́ ni?” ni ọkùnrin kan bi í.

“Ẹni tó ń pa ẹ̀rí rẹ́ kì í jókòó sí etí títì. Súnmọ́ mi, kí fóònù rẹ rí ọ̀bẹ dáadáa.”

Ibi tí wọ́n ti ń sọ èyí ni ọkọ̀ kan dúró, tí Ẹlẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, tí ẹni tí ń ya àwòrán rẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

“Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Mo wá tún ọ̀rọ̀ ṣe ni. Ẹ bu omi fún mi, kí n fi ọṣẹ yín fọwọ́ lójú gbogbo ènìyàn, kẹ́ ẹ sì ní ẹ ti dárí jì mí. Ọjà yín á padà, tèmi náà á padà.”

“Ẹ gbà fún un,” ni gbẹ́nàgbẹ́nà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Omi lásán ni.”

Ìyá Ọlọ́ṣẹ wo àwọn àtẹ tí ó kù. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni: omi ìwọ̀nba yìí lè tà wọ́n tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó gbé ojú sókè.

“Ṣé èmi lo da omi lé lórí?”

“Rárá, mà.”

“Kí wá ni n ó dárí rẹ̀ jì ọ́? Lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀. Má sì gbé fóònù lọ.”

“Tí mi ò bá gbé fóònù lọ, ta ló máa mọ̀ pé mo lọ?”

Ẹ̀rín bú jáde ní gbogbo títì. Irú ẹ̀rín yìí kọ́ ni ó wá wá.

“Òun á mọ̀,” ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ wí. “Gbogbo ẹni tó dúró síbí ni mo lè ta ọṣẹ fún, àyàfi ìwọ. Yà lọ́nà fún àwọn oníbàárà mi.”

Ó sì tún mú ọṣẹ mìíràn, ó fá ojú ọmọ náà kúrò níṣojú rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín padà sínú ọkọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú èrò náà túká láìra nǹkan kan. Onídìrí ni ó sọdá wá, tí ó mú ọṣẹ kan tí kò lójú mọ́, tí ó gbọ́ òórùn rẹ̀. “Ó mà ti kéré sí i.”

“Ó kéré. Wò ó bóyá kò ní í hó.”

Onídìrí mú méjì, ó lọ bu omi sí bàsíà rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Ìyá Ọlọ́ṣẹ gbé èyí tí ó fá kaná. Nígbà tí iná kò tètè ràn, ó na ọwọ́ sí igi tí wọ́n fi ń tẹ ojú náà sára ọṣẹ, ó sì tì í sábẹ́ ìkòkò. Àbúrò rẹ̀ dúró, ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ó ṣe ń jó.

“Igi gidi ni,” ni ó wí. “Kí ni kí n wá gbẹ́ rọ́pò rẹ̀?”

“Má gbẹ́ nǹkan kan. Kan àpótí tí kò ní í máa mì fún mi. N ó tún jókòó síta lọ́la.”